Ọdún Tí Mo Ga Jù fún Apá Àwọn Obìnrin

Súfèé kẹ́tù ló máa ń jí mi ní ọdún náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni màá gbọ́ omi tó ń dà sínú bàsíà, tí bàbá mi á sì máa wọ́ sálúbàtà láti ilé ìdáná lọ sí pálọ̀, níbi tí ibùsùn màmá mi wà. Ilé kánsù tí ìjọba ń fi háyà là ń gbé nílùú òyìnbó, lẹ́bàá Parsloes Park, ọ̀kan nínú àwọn ilé oníbíríkì tí gbogbo wọn jọra débi pé àlejò lè kan ilẹ̀kùn mẹ́ta kó tó kan tiwa. Àjà rẹ̀ fẹ́lẹ́. Láti orí ibùsùn mi lókè ni mo ti máa ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. “Bàbá Bọ́sẹ̀, omi yìí gbóná. Ṣé ẹ fẹ́ bọ̀ mí ni?” “Mo ti fi ìgúnpá mi dán an wò.” “Ìgúnpá oníbúrẹ́dì. Iná kì í ràn án mọ́.” Bàbá á rẹ́rìn-ín nínú imú wọn, omi tútù díẹ̀ á tún dà, Màmá á ní, “Ẹn-ẹ́n, ó ti di omi èèyàn báyìí.” Ojúmọ́ mọ́ nìyẹn. Mo ti gbé ilé mẹ́rin láti ìgbà náà, kò sì sí èyí tí àárọ̀ rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀.

Ọdún tó ṣáájú ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu Màmá. Ó mú apá òsì wọn, ó mú ẹsẹ̀ òsì wọn, ṣùgbọ́n kò rí ẹnu wọn mú. Nígbà tí ilé ìwòsàn fún wọn ní àga oníkẹ̀kẹ́, mọ́tò ni Màmá sọ ọ́. “Ẹ fa mọ́tò mi wá,” ni wọ́n máa ń wí, tí wọ́n bá sì jókòó sínú rẹ̀ tán, wọ́n á béèrè lọ́wọ́ mi bóyá mo ti ra epo sí i. Bàbá ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì. Wọ́n bẹ ọ̀gá wọn kí ó gbé wọn kúrò lẹ́nu iṣẹ́ àárọ̀ sí iṣẹ́ ọ̀sán, kí wọ́n lè wẹ Màmá, kí wọ́n wọṣọ fún wọn, kí wọ́n sì se oúnjẹ kalẹ̀ kí wọ́n tó jáde. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Bọ́sẹ̀, tó fi ọdún mẹ́ta jù mí lọ, ló ń di irun Màmá, òun ló sì ń lọ ra nǹkan ní ọjà East Street. Èmi ló ni mọ́tò. Èmi náà ni mò ń fọ aṣọ, nítorí Màmá sọ pé Bọ́sẹ̀ kì í fún omi kúrò lára aṣọ dáadáa. N kò ka èyíkéyìí nínú rẹ̀ sí iṣẹ́ obìnrin tàbí iṣẹ́ ọkùnrin. Iṣẹ́ tó bá bọ́ sí èèyàn lọ́wọ́ ló ń ṣe.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà tí a fi ń gbé Màmá dìde, Bàbá ló sì kọ́ wa. Wàá kọ́kọ́ di bíréèkì mọ́tò. Wàá kúnlẹ̀, wàá fi orúnkún rẹ ti orúnkún wọn. Apá ọ̀tún wọn á wá sí ẹ̀yìn ọrùn rẹ, apá tìrẹ á gba abẹ́ abíyá wọn kọjá. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fa apá òsì. Màmá fúnra wọn ni wọ́n á wá kà á: ó dọ̀kan, ó dèjì, ó dẹ̀ta. Ní ẹ̀ta lẹ̀ ń dìde pọ̀. Mo bi Bàbá lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí kì í ṣe ẹni tó ń gbé wọn ló ń kà. Bàbá ní, “Ara ta ni?” Mo ní ara Màmá ni. Bàbá ní, “O ti rí i.”

Ohun kan ṣoṣo tí kò gún nínú ilé wa ni pé a máa ń fi Bàbá pamọ́. N kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pàṣẹ rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹnìkan bá ti kan ilẹ̀kùn, pàápàá tó bá jẹ́ àwọn ará ìjọ wa, Bàbá á bọ́ aṣọ ìdáná lọ́rùn, wọ́n á jù ú sí Bọ́sẹ̀, wọ́n á sáré jókòó sí àga ńlá, wọ́n á ṣí ìwé ìròyìn. Bọ́sẹ̀ á fi iṣẹ́ iléèwé rẹ̀ sílẹ̀, á lọ dúró ti ìkòkò tí kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ní Ìjẹ̀bú tí wọ́n ti wá, bàbá tó bí Bàbá kò mọ ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Mo rò pé Bàbá kò tijú iṣẹ́ náà. Wọ́n ń dáàbò bo Màmá ni, kí wọ́n má baà ní obìnrin kan wà tó ń lo ọkọ rẹ̀ bí ọmọ ọ̀dọ̀. Màmá náà sì ń dáàbò bo Bàbá, kí àwọn àgbà ọkùnrin má baà fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Báyìí ni àwọn méjèèjì ṣe ń bo ara wọn, tí wọ́n sì ń fi Bọ́sẹ̀ ṣe aṣọ ìbora.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, Ìyá Ìjọ wá kí wa. Àwọn ni olórí àwọn obìnrin nínú ìjọ wa, obìnrin kúkúrú kan tó máa ń rìn bí ẹni tí ọkọ̀ ojú irin fẹ́ fi sílẹ̀. Bàbá ń se ìkọ́kọrẹ́ lọ́wọ́. A kì í rí ewùrà rà ní ọjà nígbà náà, nítorí náà ọ̀dùnkún ni Bàbá máa ń rin, lára agolo kan tí wọ́n ti fi ìṣó lu káàkiri, wọ́n á sì da ẹja yíyan sí i. Bí ilẹ̀kùn ṣe dún, Bàbá sáré débi àga, ṣùgbọ́n ṣíbí ìdáná ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n tì í bọ àpò sòkòtò wọn. Epo bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí ìta díẹ̀díẹ̀ lára sòkòtò aláwọ̀ eérú náà, Màmá sì ń wo epo, wọ́n ń bá Ìyá Ìjọ sọ̀rọ̀ òjò. Ìyá Ìjọ jẹ abọ́ kan. Wọ́n jẹ èkejì. Wọ́n ní, “Bọ́sẹ̀, ìwọ lo se eléyìí?” Bọ́sẹ̀ wo Bàbá. Bàbá wo ìwé ìròyìn. “Bẹ́ẹ̀ ni mà.” “Ilé ọkọ rẹ á gbádùn. Gbogbo ẹrù ilé yìí lórí ọmọ kékeré báyìí, o ò sì ráhùn.” Màmá ní, “Ẹ tún díẹ̀ bù, Ìyá Ìjọ. Ẹni tó sè é kò tíì rẹ̀ ẹ́.” Ìwé ìròyìn mì díẹ̀.

Gbọ̀ngàn kan tí a ń háyà lẹ́yìn East Street ni ìjọ wa ti ń jọ́sìn. Aláṣọ funfun ni wá. A máa ń bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, àwọn ọkùnrin á jókòó sí ọ̀tún, àwọn obìnrin sí òsì, ọ̀nà á wà láàárín. Ọkùnrin kì í jókòó lápá àwọn obìnrin, àfi ọmọdé tó bá tẹ̀ lé ìyá rẹ̀. Ọmọdé ni mí, nítorí náà èmi ni mò ń jókòó ti Màmá. Bọ́sẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin níwájú. Iṣẹ́ mi ni láti di mọ́tò mú, láti gbé Màmá dìde tó bá tó àkókò, àti láti di ìwé orin mú níwájú wọn. Ìwé orin yìí ló jẹ́ kí n fẹ́ràn ọjọ́ Ìsinmi. Mo pẹ́ kí n tó mọ̀wé. Ọdọ̀ ìyá àgbà ni wọ́n fi mí sí ní Ìjẹ̀bú títí mo fi pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, iléèwé mi níbẹ̀ kò sì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lọ, nígbà tí mo sì dé Barking, àárín àwọn ọmọ tó kéré sí mi ni wọ́n fi mí sí. Màmá á fi ìka ọ̀tún wọn sí abẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ìjọ bá ṣe ń kọ ọ́, èmi á máa fi ojú tẹ̀ lé ìka. Mo ti lè ka orin ìdúpẹ́ kí n tó lè ka orúkọ òpópónà wa.

Àfi bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Nígbà tí ọdún bẹ̀rẹ̀, sùtánà mi kan ọrùn ẹsẹ̀. Kó tó di pé iléèwé gba ìsinmi ńlá, ó ti gun dé agbedeméjì ojúgun. Màmá pe ìpàdé sí pálọ̀. Tí àwọn ará ìjọ bá rí i pé mo ti di géńdé, wọ́n á ní kí n kọjá sí apá àwọn ọkùnrin, ta ni yóò sì wá jókòó ti Màmá? Màmá ní, “Ẹ má tú ìṣẹ́tí sùtánà rẹ̀. Tí ẹ bá tú u, wọ́n á mọ̀ pé ó ti ga.” Bọ́sẹ̀ ní, “Màmá, tí ẹ ò bá tú u, ojúgun rẹ̀ ló máa sọ fún wọn.” Bàbá gba sùtánà náà lọ́wọ́ mi. Wọ́n mú abẹ́rẹ́, wọ́n tú ìṣẹ́tí náà délẹ̀, wọ́n tún fi aṣọ kún un, débi pé ó ń wọ́ nílẹ̀. Wọ́n wá ní kí n tẹ orúnkún mi sínú rẹ̀ kí n máa rìn bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣe é fún mi wò láàárín ilé ìdáná, àwọn fúnra wọn, pẹ̀lú aṣọ ìdáná lọ́rùn, bí pẹ́pẹ́yẹ tó ń wá ẹyin rẹ̀. Màmá rẹ́rìn-ín títí Bọ́sẹ̀ fi nu ojú fún wọn. Oṣù méjì gbáko ni mo fi rìn bẹ́ẹ̀ wọ ilé Ọlọ́run. Itan máa ń ro mí títí di ọjọ́rú.

Ohùn mi ló tú wa fó. Ní àárín àdúrà kan, nígbà tí gbogbo ìjọ ṣe “Àmín”, tèmi jáde pẹ́, ó sì jáde láti ìsàlẹ̀ ikùn, bíi ti ẹni tó ní ìyàwó méjì. Ìyá Ìjọ yí ọrùn padà láti iwájú wa. “Ta ló ṣe àmín yẹn?” Màmá ní, “Èmi ni. Òtútù mú mi.” Ìyá Ìjọ wo Màmá, wọ́n wo èmi. Lẹ́yìn ìsìn, níbi tí a ti ń wọ bàtà, wọ́n tọ̀ wá wá. “Dípọ̀, dìde dúró dáadáa.” Mo dúró. “Mo ní dáadáa.” Mo na orúnkún mi, mo sì ń rí orí gèlè Ìyá Ìjọ láti òkè. Wọ́n ní, “Ẹ wo ọmọ tí ẹ ń pè ní ọmọdé. Tó bá di ọjọ́ Ìkórè, kó lọ sápá àwọn ọkùnrin.” Màmá béèrè ẹni tí yóò máa jókòó ti àwọn. Ìyá Ìjọ ní ìyẹn kò le. “Bọ́sẹ̀ ńkọ́? Ṣebí òun ló ń ṣe gbogbo rẹ̀ nílé? Kó fi ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀, kó wá máa jókòó ti ìyá rẹ̀. Ọmọbìnrin ló mọ ìtọ́jú.” Wọ́n kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìkà. Wọ́n tiẹ̀ gbá Bọ́sẹ̀ lẹ́yìn pẹ́pẹ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí a ṣe Ìkórè. Bọ́sẹ̀ ni wọ́n ti yàn pé yóò dá orin ìdúpẹ́, òun tó kéré jù nínú ẹgbẹ́ náà. Láti ìgbà tí wọ́n ti yàn án ló ti ń kọ ọ́ nínú balùwẹ̀, ló ń kọ ọ́ sí ìkòkò, títí aládùúgbò wa òyìnbó fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ègbè rẹ̀ láti ẹ̀yìn ògiri láìmọ ohun tó ń sọ. Bàbá dúró tì wá lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn pẹ̀lú bàtà wọn lọ́wọ́. Mo rí i tí wọ́n la ẹnu. Mo rí i tí wọ́n pa á dé. Bọ́sẹ̀ bẹ Ìyá Ìjọ, wọ́n sì gbà pé kó dá orin Ìkórè yẹn, pé àwọn fúnra wọn á jókòó ti Màmá lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n pé ibẹ̀ ni orin kíkọ rẹ̀ máa parí sí.

Ẹsẹ̀ la fi rìn lọ sílé, nítorí bọ́ọ̀sì ìgbà náà kì í gba mọ́tò Màmá. A gba ìhà Eastbury, a kọjá lára ilé àtijọ́ kan tó wà níbẹ̀, táyà mọ́tò sì ń ké. Bọ́sẹ̀ ní, “Kò burú. Mo lè máa kọrin nílé.” Màmá ní, “Ta ló bi ẹ́?” Nígbà tó ṣe, wọ́n ní, “Bàbá Bọ́sẹ̀, irọ́ tí èmi àti ẹ̀yin jọ ń pa ló fẹ́ gba orin lẹ́nu ọmọ yìí.” Nígbà tí a délé, Bàbá fọ ìkòkò kan, wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀, wọ́n tún gbé e, wọ́n tún un fọ̀.

Ọjọ́ Ìkórè pé. Iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ápù, páálí mílíìkì àti àwọn agolo ẹ̀wà kún iwájú pẹpẹ, òórùn ọsàn àti àbẹ́là gba gbogbo gbọ̀ngàn. Ìgbà àkọ́kọ́ mi nìyẹn láàárín àwọn ọkùnrin. Mo jókòó ti Bàbá, mo na orúnkún mi, kò sì dùn mọ́ mi. Ní òdìkejì ọ̀nà, mo ń wo Màmá pẹ̀lú Ìyá Ìjọ tó di ìwé orin mú fún wọn, wọ́n dì í lódì. Nígbà tí wọ́n pe orin ìdúpẹ́, gbogbo ìjọ dìde. Màmá kì í jókòó nígbà tí Bọ́sẹ̀ bá ń kọrin. Bọ́sẹ̀ bọ́ síwájú, ó mú ìlà àkọ́kọ́, ohùn rẹ̀ sì mọ́ bí omi. Ìyá Ìjọ fẹ́ ran Màmá lọ́wọ́. Apá òsì ni wọ́n gbá mú, wọ́n ń fà á. Mo gbọ́ ohùn Màmá kedere: “Ìyá Ìjọ, ẹ fi apá yẹn sílẹ̀. Ẹ lè kan ilẹ̀kùn ibẹ̀ títí di alẹ́, kò sẹ́ni nílé.” Ṣùgbọ́n Ìyá Ìjọ kò di bíréèkì. Mọ́tò yí lọ sẹ́yìn, Màmá sì ti kúrò lórí rẹ̀ díẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, Ìyá Ìjọ sì ń rọ̀ tẹ̀ lé wọn. Orin dá lẹ́nu Bọ́sẹ̀.

Mo fẹ́ sáré. Ọwọ́ Bàbá dá mi padà. Wọ́n bọ́ sí ọ̀nà àárín, ẹsẹ̀ lásán, wọ́n kọjá, wọ́n wọ àárín àwọn obìnrin. Wọ́n fa mọ́tò padà, wọ́n di bíréèkì rẹ̀. Wọ́n kúnlẹ̀, orúnkún ti orúnkún. Apá ọ̀tún Màmá wá sí ẹ̀yìn ọrùn wọn bí apá tó ti mọ ilé rẹ̀. Gbogbo ìjọ sì gbọ́ Màmá: “Ó dọ̀kan. Ó dèjì. Ó dẹ̀ta.” Wọ́n dìde pọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni méjì tó ń ṣe ohun tí wọ́n ti ṣe láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ìyá Ìjọ ní, “Bàbá Bọ́sẹ̀, ta ló kọ́ yín?” Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ láàárín èrò. N kò gbọ́ ọ rí kó tó di ọjọ́ náà. Wọ́n ní, “Ojoojúmọ́ ni mò ń ṣe é, mà. Èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́. Èmi ni mò ń wọṣọ fún un. Bọ́sẹ̀ kọ́ ló ń ṣe é. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà máa kọrin.” Wọ́n mí, wọ́n wá fi kún un, “Èmi ni mo se ìkọ́kọrẹ́ yẹn náà.”

Ìyá Ìjọ wo Bàbá láti òkè dé ilẹ̀. “Ìkọ́kọrẹ́ èyí tí mo jẹ?”

“Bẹ́ẹ̀ ni mà.”

“Abọ́ méjèèjì?”

“Bẹ́ẹ̀ ni mà. Ṣíbí rẹ̀ ló wà nínú àpò mi lọ́jọ́ náà.”

Ẹnìkan kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín lápá àwọn obìnrin, lẹ́yìn náà lápá àwọn ọkùnrin, títí tí Bàbá Ìjọ fúnra wọn, tó ń darí ìsìn, fi yí ojú sí pẹpẹ tí èjìká wọn ń mì. Màmá, tó ṣì wà lóòró lọ́wọ́ ọkọ wọn, ní, “Bọ́sẹ̀, kí lò ń wò? Orin dà?” Bọ́sẹ̀ tún un mú láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó parí, gbogbo ènìyàn jókòó, Bàbá kò sì padà wá. Wọ́n jókòó síbẹ̀, láàárín àwọn gèlè funfun, wọ́n ṣí ìwé orin, wọ́n sì kọ́kọ́ yí i síbi tó yẹ. Nígbà ìkéde, Bàbá Ìjọ ní, “Àga kan á máa wà níparí ìlà kejì lápá àwọn ìyá. Ẹni tó bá ń tọ́jú aláìlera ló ni ín. N kò béèrè bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin.” Wọn kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í pe Bàbá ní Ìyá Bọ́sẹ̀ kejì. Bàbá á ní, “Ẹ mú abọ́ yín wá.” Wọ́n sì ń mú un wá. Ìwé ìròyìn padà di ohun tí à ń kà.

Màmá lo ọdún púpọ̀ sí i lórí mọ́tò, wọ́n lo mẹ́ta gbó. Bọ́sẹ̀ ti ní ọmọ-ọmọ báyìí, ó sì ń dá orin síbẹ̀. Èmi ti lé lógójì kí n tó lọ sí kíláàsì ìrọ̀lẹ́ ní Barking láti kọ́ bí a ṣe ń kọ ìwé, ohun tí mo sì kọ́kọ́ kọ ni bí a ṣe ń gbé èèyàn dìde. Nígbà tí oríkèé ara ìyàwó mi Fọlákẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í le, n kò nílò ẹni tó máa kọ́ mi. Òun ló ń kà á, a ń dìde pọ̀ ní ẹ̀ta. Ọdún mẹ́rin ni mo fi jókòó lórí àga ìparí ìlà kejì yẹn. Gbọ̀ngàn ti di tiwa, àga náà sì ti di onítìmùtìmù, ṣùgbọ́n ibì kan náà ni.

Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí a sin Fọlákẹ́, ẹsẹ̀ mi gbé mi lọ síbẹ̀. Mo ti jókòó kí n tó rí i pé kò sí mọ́tò kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo rọra dìde. Ìyá Ìjọ wà ní àga tó tẹ̀ lé e. Wọ́n ti darúgbó gan-an, kò sì sí ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ń lé mọ́. Wọ́n ní, “Níbo lò ń lọ?” Mo ní, “Apá àwọn ọkùnrin ni, mà.” Wọ́n ní, “Jókòó. Ojú mi ò ríran mọ́.” Wọ́n gbé ìwé orin wọn lé mi lórí itan. Mo ṣí i, mo fi ìka mi sí abẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, mo sì ń kà á sí wọn létí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ìjọ ṣe ń kọ ọ́. Lẹ́yìn orin ni àdúrà. Nígbà tí wọ́n parí rẹ̀, gbogbo ìjọ ṣe “Àmín”, tèmi tún pẹ́ díẹ̀, ó tún jáde láti ìsàlẹ̀.

Ìyá Ìjọ yí ọrùn sí mi. “Ta ló ṣe àmín yẹn?”

Mo ní, “Èmi ni, mà.”